Wọ́n Rọ Bàbá Adépọ̀jù Yó

Pépà náà pupa. Kò fẹ̀ ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Nọ́ọ̀sì Fọláṣẹwà fi púlásítà lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ìwé rẹ̀, ó kọ déètì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó kọ "aago méje àárọ̀" sábẹ́ déètì. Pépà mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ló ṣáájú rẹ̀ nínú ìwé yẹn, ọ̀kan fún àárọ̀ kọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn pupa. Èyí tí mo ń wò jẹ́ ti ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n. Ọjọ́ yẹn ni Bàbá Adépọ̀jù kú.

"Irọ́ ni," Enoch wí. Òun ni àkọ́bí olóògbé, tíṣà ni ní Àpòmù. Ó ń fi ìka gún ìwé náà lórí tábìlì mi. "Ìgbà tí bàbá mi kú tán ló lẹ ìyẹn. Ẹ ṣáà jẹ́ kí èmi àti ọmọbìnrin yẹn wà níbì kan tí kò ti sí ọlọ́pàá."

"Kí lẹ máa fi í ṣe?"

"Ẹ̀mí ló máa fi san ẹ̀mí."

"Sheriff, kọ ọ́ sílẹ̀," mo wí.

Sheriff ni ọlọ́pàá tó ń bá mi ṣiṣẹ́ ní tésàn Ìkirè. Ó gbé bírò. Enoch fa ìka kúrò lórí ìwé náà.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe jẹ́ nìyí. Bàbá Adépọ̀jù jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́rin. Àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù ú, ó sì ba ọ̀fun rẹ̀ jẹ́. Ohun tó bá fi ẹnu gbé mì, ẹ̀dọ̀fóró ló ń lọ. Ní ọsibítù, wọ́n ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan bọ̀ ọ́ nímú, ó gba ọ̀fun kọjá lọ sínú ikùn. Wọ́n ní kí wọ́n gbé e lọ sílé, kí nọ́ọ̀sì máa wá da mílíìkì sínú rọ́bà náà. Fọláṣẹwà ló ń ti Ìkirè lọ sí Àpòmù lójoojúmọ́. Kó tó da nǹkan kan, ó gbọ́dọ̀ fi sírínjì fa omi díẹ̀ jáde, kó kán an sórí pépà búlúù. Omi ikùn máa ń kan. Bí pépà bá pọ́n, rọ́bà wà níkùn, kó da mílíìkì. Bí pépà kò bá pọ́n, kó má dà á.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó da mílíìkì ní aago méje. Bàbá kú kí aago mẹ́sàn-án tó lù. Dókítà Kòfowórọlá tó yẹ òkú náà wò sọ pé inú ẹ̀dọ̀fóró ni ẹnu rọ́bà wà, mílíìkì sì kún ibẹ̀.

Nínú méjì, ọ̀kan ni. Pépà ń parọ́, tàbí ọmọbìnrin náà ń parọ́. Ọ̀gá tésàn wa ti mú èyí tó wù ú. Ó ní láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ọkọ̀ máa gbé Fọláṣẹwà lọ sí kóòtù ní Òṣogbo pé ó pànìyàn. Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ la wà. Ọjọ́ kan ṣoṣo ló kù fún mi.

Kí ẹ má baà gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì, ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi: mi ò fẹ́ràn òkú náà. Nígbà tí mo jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá, ilé-ìwé rẹ̀ ní Àpòmù ni mo ń lọ. Ó sọ fún bàbá mi níṣojú mi pé ìwé ò lè wọ orí Àrínọlá, kó mú mi lọ máa ṣa kòkó. Bàbá mi mú mi lọ. Inú ìwé àbúrò mi, àti inú ìwé ìròyìn tí wọ́n fi ń di ẹ̀pà, ni mo ti kọ́ ìyókù. Nígbà tí wọ́n sọ fún mi pé Bàbá Adépọ̀jù kú, oúnjẹ wà níwájú mi. Mo jẹ ẹ́ tán.

Ṣùgbọ́n wọn ò gbà mí síṣẹ́ láti máa bínú.

"Ẹ̀yin náà máa ń wà níbẹ̀ tó bá ń wo pépà?" mo bi Enoch.

"Èmi kẹ̀? Aago mẹ́fà ààbọ̀ ni mo ń jáde. Ọjọ́ tí bàbá mi kú ni mo kọ́kọ́ rí pépà yín yẹn. Kí ni mo mọ̀ nípa búlúù àti pupa?"

Sheriff kọ ìyẹn náà sílẹ̀.

*

Fọláṣẹwà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì. Iwájú aṣọ rẹ̀ rin ní ibi méjì. Ọmọ rẹ̀ ò ju oṣù mẹ́rin lọ, ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ló wà.

"Ọmú ń ro mí, mà."

"Mo rí i. Dá mi lóhùn kíá. Omi tí o fà lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, báwo ló ṣe rí?"

"Ó kéré, mà. Ó funfun díẹ̀, bí omi tí wọ́n fi ṣan ìrẹsì."

"Ti àwọn ọjọ́ yòókù ńkọ́?"

"Ó máa ń dà bí omi ewé."

"O rí i pé ó yàtọ̀, o sì da mílíìkì."

Ó gbójú sókè wò mí. "Pépà pupa, mà, mo sì da mílíìkì. Ohun tí wọ́n kọ́ wa nìyẹn. Wọ́n ní ojú lè tan èèyàn jẹ, pépà ni ká gbà gbọ́."

"Rọ́bà ńkọ́? Ṣé ó ti kúrò níbi tí o fi í sí?"

"Rárá, mà. Mo fi bírò sàmì sí i lára. Àmì náà wà létí imú Bàbá gẹ́lẹ́. Púlásítà tó dè é mú jẹ́ tuntun, àmọ́ àwọn ará ilé máa ń pààrọ̀ ẹ̀ tí òógùn bá ti mú un."

"Kí lo tún máa ń dà sí i yàtọ̀ sí mílíìkì?"

"Omi. Kò sí nǹkan míì. Mo ti kìlọ̀ fún wọn látìgbà tí mo dé pé ògì ò gbọdọ̀ kan rọ́bà yẹn, torí ó máa ń dí i."

"Ta ló kórìíra ẹ?"

Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dénú. "Ta ló mọ̀ mí débi tí yóò kórìíra mi?"

Ìdáhùn tó dáa ni. Bí kò bá sẹ́ni tó kórìíra rẹ̀, á jẹ́ pé ẹnì kan kórìíra ẹni tó ń tọ́jú, ó sì fi Fọláṣẹwà ṣe ọwọ́.

Mo ti kúrò lẹ́nu ọ̀nà kó tó pè mí. "Mà, wọ́n ní ọmọ mi ò gba fídà."

Mo ní kí Sheriff gbé ọkọ̀ wá. Mo lọ sí Àpòmù.

*

Yàrá Bàbá mọ́ tónítóní. Ẹnì kan ti fọ ilẹ̀, ó ti ká ibùsùn. Sheriff gbé tìmùtìmù sókè, ó sì pariwo bí ẹni tó rí wúrà.

"Màmá! Ẹ wo dòdò Ìkirè!"

Lóòótọ́ ni. Ọ̀rá kékeré kan ni, epo pupa ti gbẹ mọ́ ọn lára, ẹyọ dòdò méjì dúdú minimini tí wọ́n ti ata mọ́ wà nínú rẹ̀.

"Wọ́n fún ẹni tí kò lè jẹun ní dòdò," Sheriff wí. "Ó há a lọ́fun. Ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé."

"O ti jẹun láàárọ̀ yìí?"

"Rárá, mà."

"Mo mọ̀. Ebi ló ń ronú fún ẹ."

Ẹni tó ra dòdò náà ò jìnnà. Nùrúdíìnì ni, ó ń tún ọ̀kadà ṣe lẹ́bàá ilé náà. Nígbà tó rí ọ̀rá lọ́wọ́ mi, ó nu epo ọwọ́ rẹ̀ sí ṣòkòtò.

"Èmi ni mo gbé e fún Bàbá, mà. Wọn kì í jẹ ẹ́ o! Wọ́n á ní kí n gbé e sún mọ́ ihò imú àwọn tí kò sí rọ́bà. Wọ́n á gbóòórùn ẹ̀, omi á máa bọ́ lójú wọn. Lẹ́yìn náà, wọ́n á tọ́ka pé kí n jẹ ẹ́ kí àwọn máa wò mí."

"O sì ń jẹ ẹ́ níwájú ẹni tí ebi ń pa?"

"Wọ́n pàṣẹ ni, mà. Ẹ̀yin náà mọ Bàbá. Tí wọ́n bá ti pàṣẹ, ta ló tó bẹ́ẹ̀?"

Mo mọ Bàbá. Mo bi í pé kí ló gbọ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.

"Mo ń ti ìrun Àsùbáà bọ̀. Mo gbọ́ tí Bàbá ń húkọ́ gan-an. Ó yà mí lẹ́nu, torí láti ìgbà tí wọ́n ti gbé wọn dé láti ọsibítù, wọn ò húkọ́ rí. Itọ́ tiẹ̀ máa ń gba ọ̀nà òdì lọ mọ́ wọn lọ́fun, wọn ò ní húkọ́. Lọ́jọ́ yẹn, ikọ́ ọ̀hún pẹ́, lẹ́yìn náà ló dákẹ́. Mo ní àlàáfíà ti ń dé nìyẹn."

Mo pe Dókítà Kòfowórọlá lórí fóònù.

"Dókítà, ẹ rí dòdò nínú ọ̀fun rẹ̀?"

"Rárá, mà. Mílíìkì ni mo rí."

"Kí ló lè mú un húkọ́?"

"Ọ̀fun yẹn ti kú, mà. Kó tó lè húkọ́ tó bẹ́ẹ̀, nǹkan kan gbọ́dọ̀ gún un jìnnà nínú ọ̀nà èémí."

"Bíi rọ́bà?"

Mo gbọ́ tó ń ṣí ìwé. "Bíi rọ́bà."

Ìrun Àsùbáà ò kọjá aago mẹ́fà. Nígbà yẹn, Fọláṣẹwà wà nílé rẹ̀ ní Ìkirè, ó ń fún ọmọ lọ́mú. Ẹnì kan ti fa rọ́bà náà, ó sì ti tì í padà síbi tí kò yẹ, kí Fọláṣẹwà tó wọ ọkọ̀ rárá. Èèyàn méjì péré ló sùn nínú ilé yẹn pẹ̀lú Bàbá: Enoch, àti Ọmọ́yẹlé, obìnrin tí wọ́n gbà láti máa tọ́jú rẹ̀.

*

Ọmọ́yẹlé wà ní ìdáná. Ó kúnlẹ̀ kí mi. Ó máa tó ẹni àádọ́ta ọdún, ẹnu Ògbómọ̀ṣọ́ ló fi ń sọ̀rọ̀. Ọ̀sẹ̀ tí Bàbá dé láti ọsibítù ló wá sílé náà. Wọn ò ránṣẹ́ pè é. Ó gbọ́ pé wọ́n ń wá ẹni tó máa tọ́jú aláìsàn, ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá.

"Ìwọ lo wà níbẹ̀ nígbà tí nọ́ọ̀sì dé?"

"Èmi ni, mà. Wọ́n fa omi díẹ̀, wọ́n wo pépà, wọ́n rọ Bàbá yó, wọ́n lọ."

"Bàbá húkọ́ ní ìdájí?"

"Mi ò gbọ́, mà. Mo ń dáná níbí. Tíṣà ló wà lọ́hùn-ún."

"Báwo ni Tíṣà ṣe ń ṣe sí bàbá rẹ̀?"

Ó wo ilẹ̀. "Wọ́n ní ó ti sú àwọn."

Sheriff fi ìgúnpá gún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo ṣe bí ẹni tí kò mọ̀. Ó rìn lọ sídìí ìkòkò kan, ó ṣí i, ó sì yára gbé imú kúrò.

"Ẹ̀n-ẹ́n! Ògì yìí kan o! Omikan rẹ̀ tó fi pa kòkòrò."

"Ti Tíṣà ni," Ọmọ́yẹlé wí. "Wọ́n máa ń mu ún kí wọ́n tó jáde láràárọ̀."

Nínú ọkọ̀, Sheriff ò jẹ́ kí n sinmi. Ó ní Enoch ni. Ó ní ta ló tún kù? Ọmọ tí bàbá ti sú, tó ń pariwo ẹ̀san kiri kí ẹnikẹ́ni má baà wo apá ọ̀dọ̀ rẹ̀.

"Ó lè jẹ́ òun," mo wí. "Ṣùgbọ́n kí ló fi tan pépà jẹ?"

Sheriff ṣí ìwé rẹ̀ wò. Kò sí níbẹ̀.

*

Nígbà tí a dé tésàn, ìyá Fọláṣẹwà ti wà níbẹ̀. Kẹ́misọ́lá ni wọ́n ń pè é. Ó gbé ọmọ pọ̀n, ọmọ náà ti sunkún títí ohùn rẹ̀ fi há.

"Ìyá ọlọ́pàá, ẹ fi Ọlọ́run ṣe é, ẹ jẹ́ kí ọmọ yìí rí ìyá rẹ̀. Kò gba fídà rárá. Láti àná, mo ń rọ ọ́ ni. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ọ̀nà òdì lọ mọ́ mi lọ́wọ́."

Mo ní kí Sheriff ṣí sẹ́ẹ̀lì. Ó ní ọ̀gá ò ní gbà. Mo ní kó sọ fún ọ̀gá pé èmi ni mo ṣí i. Ọmọ náà bọ́ sí ọmú ìyá rẹ̀, ó ń fà á tagbáratagbára.

Ọ̀rọ̀ kan ti há sí mi létí.

"Kí lẹ ní ẹ ń ṣe fún un?" mo bi Kẹ́misọ́lá.

"Mo ní mo ń rọ ọ́. Àbí ẹ ò bímọ ni?"

"Mo bí mẹ́ta. Ẹ ṣáà ṣàlàyé rẹ̀ fún mi."

Ó wò mí bí ẹni tó ń wo aláìsàn. "Èèyàn á tẹ́ ọmọ sórí ẹsẹ̀, á fi àtẹ́lẹwọ́ ṣe àrọ sí i lẹ́nu, á dí i nímú díẹ̀, á wá máa da ògì sí i. Tí kò bá gbé e mì, kò ní rí èémí mí. Ọmọ tó bá kọ oúnjẹ la máa ń rọ."

Ọmọ tó bá kọ oúnjẹ. Fọláṣẹwà ní òun "da" mílíìkì. Kò sẹ́ni tó ń rọ àgbàlagbà, àgàgà ẹni tó ní rọ́bà nímú tí kò nílò kó gbé nǹkan mì. Ọmọ́yẹlé nìkan ló ní wọ́n rọ Bàbá yó. Ọ̀rọ̀ agbára ni. Ó jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹni tí wọ́n dì mú.

Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo ti gbọ́ kí wọ́n fi í pe àgbàlagbà nígbà ayé mi. Ó ti lé lógójì ọdún. Ẹnu Bàbá Adépọ̀jù ni mo sì ti gbọ́ ọ.

Mo lọ sídìí tábìlì mi. Mo mú ìwé àwọn pépà, mo gbé e sí imú. Pépà ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n ń run bí eébì tó ti gbẹ. Ti ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n kò run bẹ́ẹ̀. Òórùn ìdáná ló ní.

"Sheriff, lọ ra ògì lọ́dọ̀ obìnrin tó wà ní òdìkejì. Ní kó bu omikan rẹ̀ sí i."

"Ṣé a fẹ́ jẹun ni, mà?"

"Sáré!"

Nínú báàgì Fọláṣẹwà, pépà búlúù ṣì kù. Mo kán omikan sórí ọ̀kan. Kí n tó mí lẹ́ẹ̀mejì, ó ti pọ́n. Omi ikùn kan, omikan náà kan. Pépà ò mọ̀ ju kíkan lọ. Àwọn òyìnbó tó ṣe é ò mu ògì.

Áyódíìnì tí nọ́ọ̀sì fi ń nu ojú egbò wà nínú báàgì náà. Mo mọ ohun tí mo fẹ́ fi í ṣe, ẹni tó kọ́ mi ni òkú náà. Ní ọdún tó lé mi, ó kó gbogbo ọmọ kíláàsì karùn-ún jọ, ó kán áyódíìnì sórí iṣu, ó kán an sórí ẹ̀kọ, ó kán an sórí ẹyin. Iṣu dúdú bí aró. Ẹ̀kọ dúdú bí aró. Ẹyin ò dúdú. Ó ní ibi tí sítáàṣì, èròjà inú iṣu àti ẹ̀kọ, bá sá sí, áyódíìnì á tú u fó. Orí mi tó ní ìwé ò lè wọ̀, ìyẹn wọ̀ ọ́.

Mo kán an sí igun pépà ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n. Àwọ̀ tíì ló ní, kò yí padà. Mo kán an sí igun ti ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n.

Ó dúdú bí aró.

Fọláṣẹwà na ọrùn wò ó láti inú sẹ́ẹ̀lì. Ó bú sẹ́kún, kò sì gba ọmọ kúrò lọ́mú.

"Ògì ti wọ inú rọ́bà náà kí o tó dé," mo wí fún un. "Omi tó funfun bí ti ìrẹsì, omikan ni. Wọ́n fi rọ́bà sí ẹ̀dọ̀fóró, wọ́n da omikan díẹ̀ sí i, wọ́n sì dúró dè ọ́. O fà á, pépà pọ́n, o gba pépà gbọ́."

"Enoch!" Sheriff kígbe. "Òun ló ń mu ògì!"

"Enoch ò rí pépà rí títí bàbá rẹ̀ fi kú. Ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ bẹ́ẹ̀, ìwọ lo kọ ọ́. Ẹni tó bá fẹ́ tan pépà jẹ gbọ́dọ̀ mọ ohun tí pépà ń wá. Fọláṣẹwà, ta ló bi ọ́ nípa pépà?"

Ó ti ń nu ojú. Ọwọ́ rẹ̀ dúró.

"Àǹtí Ọmọ́yẹlé. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Wọ́n ní, 'Ṣé nǹkan kíkan yòówù ló máa ń jẹ́ kó pọ́n?' Mo tiẹ̀ rẹ́rìn-ín."

"Kí lo sọ?"

"Mo ní bẹ́ẹ̀ ni."

*

Ọmọ́yẹlé ń sá aṣọ ibùsùn Bàbá lẹ́yìnkùlé nígbà tí a dé. Oòrùn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ̀ sẹ́yìn igi kòkó. Sheriff dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó gbé bírò.

"Ọmọ́yẹlé, kí lorúkọ ìyá rẹ?"

"Ìyá mi ti kú, mà. Ó ti pẹ́."

"Ẹ̀kọ ló ń tà. Nílé-ìwé tí Bàbá Adépọ̀jù jẹ́ ọ̀gá rẹ̀."

Ó fi aṣọ tó kù sínú bàsíà. Kò yà á lẹ́nu. Ó dà bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀.

"Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, mo ń bi àwọn ará Àpòmù," ó wí. "Mo ní ṣé ẹ rántí ìyá ẹlẹ́kọ kan? Wọ́n ní ìyá ẹlẹ́kọ wo?"

"Èmi rántí."

Mo rántí gbogbo rẹ̀. Inú ń run àwọn ọmọ ilé-ìwé ní sáà yẹn, ọ̀gá sì ní ẹ̀kọ obìnrin náà ló fà á. Ó pè é síwájú wa lórí ìlà ní àárọ̀ ọjọ́ kan, pẹ̀lú agbọ̀n ẹ̀kọ tó kún. Ó ní bí kò bá ní májèlé nínú, kó jẹ ẹ́ tán kí a rí i. Obìnrin náà jẹ mẹ́ta. Ó jẹ mẹ́fà. Ó kúnlẹ̀, ó ní òun ò lè jẹ mọ́. Ọ̀gá pe àwọn ọmọkùnrin méjì láti kíláàsì kẹfà. Ó ní, "Ẹ rọ ọ́." Wọ́n tẹ́ ẹ sórí iyanrìn, wọ́n dí i nímú bí ọmọ ọwọ́. Ọmọbìnrin kékeré kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó gbé igbá ewé lérí. Ọjọ́ mẹ́ta ni ìyá náà fi húkọ́ kó tó kú. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, wọ́n fa òkú ewúrẹ́ jáde nínú kànga ilé-ìwé. Kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan.

"Ìwọ lo gbé igbá ewé," mo wí.

"Èmi ni. Wọ́n wá mú mi lọ sọ́dọ̀ àwọn èèyàn wa ní Ògbómọ̀ṣọ́." Ó nu ọwọ́ sí ìró. "Mo lè fi ìrọ̀rí dí i nímú lọ́jọ́ tí mo dé. Mi ò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo dúró títí mo fi mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ní ìdájí ọjọ́ Ìṣẹ́gun, nígbà tí Tíṣà ń wẹ̀, mo sọ orúkọ ìyá mi sí ọ̀gá létí. Mo ní, 'Ọ̀gá, mo fẹ́ rọ yín.' Ojú rẹ̀ là báyìí. Ó rántí! Mo wá fa rọ́bà, mo tì í padà, mò ń tì í títí ó fi húkọ́ bí ìyá mi ṣe húkọ́."

"Ìwọ?"

Enoch ló sọ̀rọ̀. Ó ti dúró lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, ó ṣì gbé báàgì ilé-ìwé kọ́ èjìká. Ẹni tó fẹ́ gba ẹ̀mí láàárọ̀, ọwọ́ rẹ̀ kọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n sá.

"Ìwọ, Ọmọ́yẹlé? Ìwọ tí o ń jẹ oúnjẹ ilé wa?"

"Tíṣà, ẹ ti rí mi kí n jẹun nílé yìí rí?"

Enoch ya ẹnu láti fèsì. Mo rí i tó ń wá ọjọ́ kan, ọjọ́ kan ṣoṣo. Kò rí i.

"Fọláṣẹwà ńkọ́?" mo bi í. "Kí lòun ṣe fún ẹ?"

"Kò ṣe mí ní nǹkan."

"Ó ní ọmọ oṣù mẹ́rin."

"Èmi jẹ́ ọmọ ọdún méje."

"O fẹ́ jẹ́ kí wọ́n pa á láìṣẹ̀."

"Nígbà tí ìyá mi kú, òun tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ náà ló ru ẹ̀bi. Mo fẹ́ kí tiwọn náà rí bẹ́ẹ̀. Kó má dín. Kó má lé."

Mi ò ní parọ́ fún yín. Ohun tó ṣe fún Bàbá Adépọ̀jù, ibì kan wà nínú mi tí kò bá a wí. Ohun tó ṣe fún ọmọbìnrin tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì mi, tí ọmú ń ro, ìyẹn ni mo fi yọ irin ọwọ́ jáde lápò. Mo ní kí Sheriff pe tésàn kí wọ́n jẹ́ kí Fọláṣẹwà máa lọ sílé. Mo gbọ́ tí ẹni tó gbé fóònù lọ́hùn-ún ń pe orúkọ rẹ̀.

Ọmọ́yẹlé ń wo ojú mi.

"Ẹ̀gbọ́n, níbo lẹ dúró sí lọ́jọ́ náà?"

"Ìlà kejì."

"Ẹ rí i dáadáa nígbà náà."

"Mo rí i."

"Kí lẹ ṣe?"

"Ọ̀gá ní kí gbogbo wa pàtẹ́wọ́ fún àwọn ọmọkùnrin náà."

"Mi ò bi yín ní ohun tí ọ̀gá wí. Kí lẹ ṣe?"

Sheriff ti gbé bírò kúrò lórí ìwé.

"Mo pàtẹ́wọ́," mo wí.

Ó mi orí, bí ẹni tí wọ́n sọ iye ọjọ́ orí rẹ̀ fún. Ó na ọwọ́ méjèèjì sí mi, omi aṣọ ṣì ń kán lára wọn.

"Ẹ pàtẹ́wọ́ fún èmi náà."

Mo de irin mọ́ ọwọ́ ọ̀tún, mo de é mọ́ ọwọ́ òsì. Ó dún lẹ́ẹ̀mejì.